Ta Ló Di Èèkù Idà Mú? Ọ̀rọ̀ Lórí Títa Bàálù Ogun fún Orílẹ̀-èdè Ọ̀rẹ́

Wákàtí 8,000 ni wọ́n ṣírò pé bàálù ogun F-35 kan, èyí tí Amẹ́ríkà ń ṣe, lè fò kí ara rẹ̀ tó gbó. Bí ọmọ ogun òfurufú kan bá ń fò ó fún wákàtí 200 lọ́dún, ogójì ọdún ni yóò fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà sì ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun tí wọ́n ń tà fún ọ̀rẹ́ yìí, ìlọ́po méjì ọdún tí òwe fún ọ̀rẹ́ ni yóò lò.

Nítorí náà, tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ ní Washington pé ṣé kí wọ́n ta bàálù ìgbàlódé fún orílẹ̀-èdè báyìí, tí ẹnì kan sì fèsì pé "ọ̀rẹ́ wa ṣáà ni wọ́n," kò tíì dáhùn ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ tòní ni. Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí àárín bá dàrú, tí ẹni tó tà á bá ti ilẹ̀kùn, kí ni yóò kù lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ọjọ́ mélòó ni nǹkan náà yóò sì fi ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá fi ìbéèrè yìí yẹ ìtàn wò yóò rí i pé àwọn ọjà kan tó ń dẹ́rù ba àwọn aṣòfin kò léwu tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn tí wọ́n tà wọ́ọ́rọ́wọ́ padà wá gba ẹ̀mí.

Ní àwọn ọdún 1970, Ṣáà, ọba ilẹ̀ Ìráànì, ra bàálù F-14 Tomcat 80 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí Amẹ́ríkà ta F-14 fún rí. 79 ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ìjọba Ṣáà tó dojú dé ní 1979, pẹ̀lú mísáìlì Phoenix 284, irú èyí tó lè lé bàálù ọ̀tá bá láti ibi tó ju 150 kìlómítà lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ fi di ọ̀tá, tí Amẹ́ríkà sì dáwọ́ títa páàtì, ìyẹn ẹ̀yà tí wọ́n fi ń tún bàálù ṣe, dúró.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn bàálù náà kò kú lọ́jọ́ kejì. Ìráànì fi wọ́n ja Ìráàkì láti 1980 títí di 1988. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, páàtì ń tán, wọ́n ń tú ọ̀kan láti fi tún èkejì ṣe, iye tó lè gbéra kúrò nílẹ̀ sì ń dín kù. Nígbà tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fẹ̀yìn F-14 tiwọn tì ní 2006, wọn kò ta àlòkù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta ti àwọn bàálù yòókù. Láti 2007 ni wọ́n ti dá títa páàtì rẹ̀ dúró pátápátá, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ rún àwọn ògbólógbòó náà wómúwómú, kí páàtì kan ṣoṣo má baà gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé Tehran. Okùn tí wọ́n fi so bàálù náà mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló fi ń fún un lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1946. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Sófíẹ̀tì, ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà, ṣì ń jẹ́ alájọjagun, owó sì wọ́n ní London. Wọ́n gbà kí ilé iṣẹ́ Rolls-Royce ta ẹ́ńjìnì bàálù tó ń jẹ́ Nene fún Moscow. Ẹ́ńjìnì lásán ni, kì í ṣe bàálù, kì í ṣe ìbọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Sófíẹ̀tì tú u palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n ṣe tiwọn jáde, wọ́n pè é ní RD-45, wọ́n sì tún un ṣe sí i títí ó fi di VK-1. Ní oṣù kọkànlá 1950, bàálù ogun Sófíẹ̀tì, MiG-15, tó ń fi ọmọ ìyá Nene fò yọ lójú sánmà Kòríà, àwọn bàálù Amẹ́ríkà àti ti àwọn alájọṣe rẹ̀ ni ó sì dojú kọ. Kò sí páàtì tí London lè dì mú mọ́, nítorí ìmọ̀ ni wọ́n tà. Ìmọ̀ kì í dípẹtà.

Irú ewu mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ajẹntínà ra bàálù Super Étendard 14 lọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí ogun Falklands, àwọn erékùṣù tí Ajẹntínà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà sí, bẹ̀rẹ̀ ní 1982, márùn-ún péré ló ti dé, pẹ̀lú mísáìlì Exocet márùn-ún. Faransé dá ìyókù dúró lójú ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣọ́ ọ kí mísáìlì mìíràn má gba ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn wọlé. Ohun tó yẹ kí olùtà ṣe náà ló ṣe. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, mísáìlì kan nínú márùn-ún náà gbá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, HMS Sheffield, ènìyàn 20 kú. Ní ọjọ́ 25, ọkọ̀ ẹrù Atlantic Conveyor náà lọ, pẹ̀lú àwọn hẹlikópítà tí wọ́n fẹ́ fi gbé ọmọ ogun. Ogun ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò dúró de kí páàtì tán. Ní 1987, irú Exocet yìí méjì láti ara bàálù Ìráàkì pa atukọ̀ Amẹ́ríkà 37 nínú ọkọ̀ ogun USS Stark, ìyẹn nígbà tí Washington gan-an ń ti Ìráàkì lẹ́yìn. Wọ́n ní àṣìṣe ni.

Nínú ìtàn mẹ́ta yìí ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo títà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò lè ṣe kó má padà wá bá ẹni tó ṣe é lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò léwu tó bí a ti ń pariwo. Ìmọ̀ tí olùrà lè dà kọ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun ìjà tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì ló sì léwu jù, nítorí kò sí ìfìyàjẹni tí yóò tètè dé bá a. Ó yani lẹ́nu pé lórí bàálù ni àwọn aṣòfin máa ń jà sí, tí mísáìlì tó wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ á sì rọra kọjá.

Okùn ara F-35

Ní 2025, ìròyìn gba gbogbo Yúróòpù kan pé bọ́tìnnì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n lè tẹ̀ kí F-35 ẹlòmíràn kú lójú òfurufú. Ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sẹ́ ẹ. Mo gbà wọ́n gbọ́, kì í ṣe nítorí pé wọn kì í purọ́, bí kò ṣe pé wọn kò nílò rẹ̀.

Ẹ wo fáìlì dátà iṣẹ́ ogun rẹ̀. F-35 máa ń gbọ́ ìró gbogbo rédà (ẹ̀rọ tó ń wá bàálù lójú òfurufú) tó wà ní àyíká, ṣùgbọ́n kí ó tó lè sọ fún awakọ̀ pé "rédà ohun ìjà S-300 ti Rọ́ṣíà nìyí, ibí yìí ló wà, gba ọ̀hún kọjá," ó gbọ́dọ̀ ní àkójọ tó fi ń dá ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ibùdó Eglin ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú àkójọ yìí. Bí ọ̀tá bá yí ohùn rédà rẹ̀ padà, àfi kí wọ́n tún fáìlì náà ṣe. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá kọ̀ láti ṣe é, bàálù ṣì ń fò, rédà tirẹ̀ ṣì ń tàn, mísáìlì ṣì ń yìn. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó wọ ọjà ìlú tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀: ó ń rí ènìyàn, kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé.

Páàtì ló tún le jù. Inú ìkẹ́rù àpapọ̀ ni páàtì F-35 wà, ìjọba Amẹ́ríkà ló ni wọ́n, gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní bàálù náà sì ń pín in lò. Èyí mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀, torí kò sí ẹni tó nílò láti kó ẹrù ogún ọdún sílé. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní ẹrù ogún ọdún nílé. Kódà láìsí ìjà, ó ń yọ wọ́n lẹ́nu: àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ GAO, tó ń ṣọ́ owó fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, fi hàn pé ní oṣù kẹta 2023, nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún F-35 Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ṣeé lò fún iṣẹ́, nígbà tí ẹ̀yà tó ju 10,000 lọ ń dúró de àtúnṣe. Onílé ló ń jìyà bẹ́ẹ̀. Àlejò tí wọ́n bá wá fi òfin dè ńkọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ayélujára tó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀, ALIS tẹ́lẹ̀, ODIN tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ báyìí, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí páàtì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà ara rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí rédà tètè rí i náà ń fẹ́ àmójútó, àwọn ohun èlò àti ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é sì jẹ́ àṣírí. Ilé tí bàálù náà ń sùn gan-an, olùrà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ bí Amẹ́ríkà ṣe fẹ́, pẹ̀lú yàrá tí ìró kò lè jáde nínú rẹ̀ níbi tí awakọ̀ ti ń gba àlàyé iṣẹ́. Bí yàrá yẹn kò bá tíì gba ìwé àṣẹ, bàálù kò ní balẹ̀ síbẹ̀.

Ísírẹ́lì nìkan ló já lára okùn yìí dé ibi tó ṣeé fojú rí. F-35I Adir tiwọn ní àwọn ẹ̀rọ ogun alátagbà àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fúnra wọn, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń fi dán nǹkan tuntun wò nílé. Kò sí olùrà mìíràn tó tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ ló bèèrè.

Bí wọ́n ṣe ń tà á

Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìgbà tí olùrà ń wọ ilé Lockheed Martin tó ń ṣe é lọ sanwó bàálù irú èyí bí ẹni ra mọ́tò. Ìjọba sí ìjọba ni. Olùrà kọ lẹ́tà ìbéèrè. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ti ológun yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ìgbìmọ̀ kan tí orúkọ wọn kì í hàn nínú ìwé ìròyìn sì ń pinnu irú àṣírí tó lè jáde: rédà wo, sọ́fíwíà wo, ìwọ̀n àìrí wo. Ibí yìí gan-an ni ìpinnu gidi ti ń wáyé, kì í ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n.

Tí iye rẹ̀ bá tó mílíọ̀nù 14 dọ́là fún ohun ìjà ńlá, òfin ìtajà ohun ìjà ti 1976 ní kí Ààrẹ fi tó ilé aṣòfin létí. Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti tako ó. Fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájọṣe ológun NATO, Jàpáànù, Ọsirélíà, Gúúsù Kòríà, Ísírẹ́lì àti Nìú Sílándì, ọjọ́ 15 péré ni, iye tó ń fà á sì ga sí mílíọ̀nù 25. Lójú òfin, ilé aṣòfin lè dí i. Lójú ayé, ìpinnu náà gbọ́dọ̀ lè borí àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ Ààrẹ pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, wọn kò sì tíì rí i ṣe lẹ́ẹ̀kan rí. Ní 1981, nígbà tí wọ́n fẹ́ ta bàálù aṣọ́nà AWACS fún Sáúdí Arábíà, ilé kékeré ti tako ó, àwọn sẹ́nétọ̀ 52 sí 48 ló gbà á là. Agbára ilé aṣòfin wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe kí lẹ́tà tó dé: alága ìgbìmọ̀ kan lè jókòó lé ìwé náà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsọ̀rọ̀ síta.

Fún àwọn ará Ìlà Oòrùn Àárín, ìdíwọ̀n kan tún wà. Láti 2008 ni òfin ti ní kí ìjọba fi hàn pé ọjà náà kò ní dín agbára tí Ísírẹ́lì fi ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ kù. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni lẹ́tà ìpèsè á tó jáde, olùrà á buwọ́ lù ú, á san ìdá àkọ́kọ́, owó á sì wọ àpò kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó. Wọ́n ń fi ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún owó iṣẹ́ ìwé. Láti ìgbà náà, ọdún mélòó kan ni ó kù kí bàálù kan tó dé.

Ẹ má jẹ́ kí iye orí ìwé tàn yín jẹ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 82.5 dọ́là ni F-35A kan ń jáde ní ilé iṣẹ́ nínú àwọn àdéhùn ìsọ̀wọ́ 15 sí 17. Pólándì fi bílíọ̀nù 4.6 ra 32 ní 2020. Tí ẹ bá pín in, mílíọ̀nù 143 lé díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ: ẹ̀kọ́ awakọ̀, ẹ̀rọ ìdánrawò, páàtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ló kún un. Owó epo, òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe ogójì ọdún kò tíì sí níbẹ̀.

Májẹ̀mú tó ń yọ́

Àwọn tó fẹ́ tà á máa ń sọ pé "a ó fi májẹ̀mú dè é." Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìtàn F-15 Sáúdí. Ní 1978, Amẹ́ríkà gbà láti ta 60 fún wọn. Kí ara lè rọ àwọn sẹ́nétọ̀, mínísítà ológun Harold Brown kọ̀wé pé wọn kò ní fi táńkì epo tó ń lẹ̀ mọ́ ara bàálù sí i, wọn kò ní fi irin tó ń gbé bọ́ǹbù púpọ̀ sí i, wọn kò sì ní gbé wọn sí Tabuk, tó súnmọ́ Ísírẹ́lì. Ní 1981, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, táńkì epo yẹn gan-an wà nínú ẹrù kan náà pẹ̀lú AWACS. Agbára ìlérí náà ti tán, àìní tuntun ti dé. Májẹ̀mú tó wà lórí ìwé nìkan kì í pẹ́. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, bíi sọ́fíwíà tí a kò kọ rárá tàbí páàtì tí a kò fi síbẹ̀, ló ń dúró.

Túrkì ni ẹ̀kọ́ tó ṣe kedere jù nípa ìgbà tó yẹ kí olùtà sọ pé rárá. Kì í ṣe oníbàárà lásán: ó wà lára àwọn tó dá owó F-35 sílẹ̀, ó ń ṣe ẹ̀yà tó ju 900 lọ fún un, ó sì fẹ́ ra 100. Ó wá ra S-400, ẹ̀rọ mísáìlì tó ń já bàálù lulẹ̀, lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ní oṣù keje 2019 tí èyí àkọ́kọ́ balẹ̀, láàárín ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà. Ó ti san nǹkan bí bílíọ̀nù 1.4 dọ́là nígbà yẹn. Mẹ́jọ nínú bàálù tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ló rà wọ́n.

Àwọn kan ní ìyà náà pọ̀ jù. Mi ò gbà. Ní ìgbà àlàáfíà, F-35 máa ń gbé irin kéékèèké kan sára tó ń mú kí rédà rí i ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ bó ṣe rí gan-an. Gbogbo àṣírí rẹ̀ wà nínú ìyẹn. Tí S-400 bá wà ní orílẹ̀-èdè kan náà, yóò máa wò ó lójoojúmọ́ bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń balẹ̀, láti igun gbogbo, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó sì mọ S-400 dé ìdí ni àwọn tó ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe bàálù tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, Nene mìíràn ni.

Tí okùn bá wá kúrú jù

Ẹni tó ń rà kì í ṣe òmùgọ̀. Òwe wa sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Orílẹ̀-èdè tó bá fi owó ńlá ra idà tí èèkù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ ohun tó rà, ó sì ń ṣírò.

Pàkísítánì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ti san nǹkan bí mílíọ̀nù 658 dọ́là fún F-16 tuntun nígbà tí òfin Pressler dé bá wọn ní 1990 nítorí ètò ohun ìjà átọ́míìkì wọn. 28 tí wọ́n ti ṣe tán, inú aṣálẹ̀ Arizona ni wọ́n gbé wọn pamọ́ sí. Kò sí bàálù, kò sí owó. Ọdún 1998 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀, wọ́n dá owó díẹ̀ padà, wọ́n sì fi ọjà dípò ìyókù, àlìkámà wà lára rẹ̀. Nìú Sílándì fẹ́ gba bàálù náà lò, ìjọba tuntun wọn kọ̀ ọ́ ní 2000, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló padà ń fi wọ́n ṣe ọ̀tá àfarawé nínú ìdánrawò. Mi ò sọ pé ó yẹ kí Amẹ́ríkà gbójú fo átọ́míìkì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìjọba ń gba owó wọn nìṣó nígbà tí ó mọ̀ pé òfin náà lè mú wọn.

Kroatíà rí irú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní 2018 wọ́n yan F-16 àlòkù 12 láti Ísírẹ́lì. Ísírẹ́lì ti fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sínú wọn, òun ló sì mú kí ọjà náà dùn. Amẹ́ríkà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ gbogbo ẹ̀rọ náà kúrò. Kò sí ẹni tó fẹ́ ra irú ìyẹn. Ní 2021, bàálù ogun Rafale 12 láti Faransé ni Kroatíà rà. Ìdí tí Washington fi lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ẹni tó ra bàálù Amẹ́ríkà kò lè tún un tà láìgba àṣẹ. Òfin yìí kan náà ló mú kí Dẹ́máàkì àti Nẹ́dálándì dúró de ìyọ̀ǹda Amẹ́ríkà ní 2023 kí F-16 wọn tó lè lọ sí Yukiréènì.

Kódà, kò dìgbà tí gbogbo bàálù bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ní 1977, Ísírẹ́lì fẹ́ ta Kfir 24 fún Ẹ́kúádọ̀. Ísírẹ́lì ló ṣe bàálù náà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì J79 tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ààrẹ Carter kọ̀, ọjà dàrú. Íjíbítì náà ra Rafale ní 2015 láti lè sá fún irú ìṣòro yìí, mísáìlì SCALP tí wọ́n fẹ́ fi sí i sì tún há nítorí ẹ̀yà Amẹ́ríkà kan tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra bàálù gbọ́dọ̀ kà á títí dé orí ṣíìpù kékeré inú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Amẹ́ríkà báyìí ti inú èyí wá. Ní 2020, Amẹ́ríkà gbà láti ta F-35 50 fún UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, nínú ẹrù tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 23.37 dọ́là. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ Huawei, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ Ṣáínà, àti ìṣọ́ bàálù títí, ó sú àwọn UAE. Ní oṣù kejìlá 2021, wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró, wọ́n sì ra Rafale 80 nínú oṣù kan náà. Ní 2025, Sípéènì ní òun kò ra F-35, Kánádà sì ní kí wọ́n tún 88 tó ti bèèrè yẹ̀ wò. Kì í ṣe páàtì ni wọ́n ń bẹ̀rù, bí kò ṣe ẹnu ẹni tó ni páàtì. Okùn tí ó dára nìyí: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìbínú ọjọ́ kan ló ń fà á.

Kí a má wá tìtorí ewu sọ pé kí wọ́n má tà á mọ́. Bàálù ogun F-22 ti Amẹ́ríkà fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. Láti 1997 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin David Obey pè ti dá títa rẹ̀ sókèèrè dúró. Jàpáànù fẹ́ ẹ gidigidi, owó wà lọ́wọ́ wọn. Àṣírí rẹ̀ pa mọ́ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ gé owó rẹ̀ kù, kò sí oníbàárà mìíràn tó lè gbé ilé iṣẹ́ náà ró. 750 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, 187 ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ogun, wọ́n sì palẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ́. Lónìí, kò ṣeé fi kún. F-35 tó ti kọjá 1,000 kò ní irú ìṣòro yẹn, Jàpáànù sì ni ó rà nígbà tí wọn kò fún un ní F-22.

Èrò tèmi, ẹ tà á, ṣùgbọ́n kí gbogbo ohun tó lè fa ìdádúró wà nínú àdéhùn kí owó tó yí ọwọ́ padà, pẹ̀lú bí owó yóò ṣe padà bí ó bá ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ rédà ilẹ̀ òkèèrè àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè náà yanjú kí lẹ́tà ìpèsè tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí mísáìlì máa wá díẹ̀díẹ̀, kí bàálù má kó gbogbo rẹ̀ dání wálé lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe ẹ̀yà rẹ̀ nílẹ̀ olùrà, kí ó jẹ́ ẹ̀yà tí dídà rẹ̀ kọ kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń ṣe ẹ́ńjìnì.

Ní oṣù kọkànlá 2025, Ààrẹ Trump ní Amẹ́ríkà yóò ta F-35 fún Sáúdí Arábíà. Gbogbo ohun tó wà lókè yìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: ìwé tó gbọ́dọ̀ fi hàn pé Ísírẹ́lì kò ní pàdánù, ọjọ́ 30 ilé aṣòfin, àti ìbéèrè bí ọwọ́ Ṣáínà ṣe jìn tó nínú ìlú tí bàálù náà yóò máa sùn sí. Sáúdí ti ra bàálù Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyí ẹ̀yìn padà, páàtì ló ń mú wọn dúró, ìyẹn kò dẹ́rù bà mí. Ìwé tí màá kọ́kọ́ fẹ́ kà, bí wọ́n bá gbé e jáde, ni èyí tó sọ irú mísáìlì tí yóò bá a wá, iye rẹ̀, àti ẹni tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n fi pamọ́ sí.